Ẹ̀bùn Ọjọ́ Kejì Ìnáwó

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò ìyá mi ni mo ti rí aago tí mo fún wọn. Wọ́n ní kí n bá wọn wá ẹsẹ̀ bàtà kan tó sọnù, mo bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́, páálí kan ló bá mi lọ́wọ́. Bébà aláràbarà tí mo fi dì í kò tíì ya níbì kankan. Orúkọ mi wà lára rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Ọdún 2016 ni, ìnáwó ọgọ́ta ọdún wọn tí mo gbé e lọ sì ti lé ní ọdún méjì. Tèmi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Aago ògiri mẹ́rin ni mo kà, àwòrán onífírémù méjì, àti páálí ife kan tí eruku ti bò. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo pẹ́ nílẹ̀, wọ́n mọ ohun tí mo rí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kó dùn ọ́. Ògiri mélòó ni mo ní?”

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo rántí ọjọ́ tí mo ra aago náà ní Dùgbẹ̀. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, mò ń wá èyí tó tóbi jù, èyí tí gbogbo èèyàn á rí bí mo bá ń gbé e bọ̀ láti ẹnu géètì títí dé ibi tí olóde jókòó sí. Mo ro fọ́tò tí a máa jọ yà. Mo ro bí ẹni tó ń darí ètò ṣe máa pe orúkọ mi. Mi ò ro yàrá méjì tí àbúrò ìyá mi ń gbé, tí ògiri rẹ̀ ti kún fún fọ́tò àwọn ọmọ, kàlẹ́ńdà ìjọ, àti aago tí ọkọ wọn rà kó tó di olóògbé. Ara mi ni mo ra ẹ̀bùn fún lọ́jọ́ náà.

Ó sì yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń rán aṣọ òde. Ẹni tó bá ń rán aṣọ olóde máa ń rí ohun tí àwọn tó wá jẹun kì í rí. Oṣù méjì ṣáájú ni mo ti máa ń wọn wọ́n. Tí wọ́n bá wá dán aṣọ wò lọ́sẹ̀ ìnáwó, aṣọ ti tóbi jù wọ́n lọ, màá tún gbà á sínú. Bí mo ṣe ń fi abẹ́rẹ́ mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fóònù wọn ń dún: alásè ń béèrè àṣẹ́kù owó, onílù fẹ́ mọ ibi tí òun máa gbé ẹ̀rọ sí, oníkánópì ní òun ò ní já irin òun kalẹ̀ láìgba owó. Láàárín ìyẹn, ìbátan kan á tún pè pé gèlè tí wọ́n kó fún òun ò bá aṣọ mu. Mo ti rí ìyá ìyàwó tó sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì mi kí n tó lọ aṣọ rẹ̀ tán. Gbogbo èyí ni mò ń rí lójoojúmọ́, síbẹ̀ mi ò so ó pọ̀ mọ́ ohun tí mò ń gbé dání lọ sílé wọn.

Ó dìgbà tó kàn mí.

Ìyá mi kú ní ọdún 2017, àwa ọmọ mẹ́rin sì pinnu pé a máa sin wọ́n bí wọ́n ṣe ń sin àgbà. Sátidé la ṣe ìnáwó. Òde kún, ìlù dún, a jó, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, a lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn bó ṣe rí. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló sùn sílé wa, àwọn ẹbí láti Ìsẹ́yìn àti Ṣakí tí ọkọ̀ wọn ò ní gbéra títí di ọ̀sán. Àwọn ọmọ wọn ti jí, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń ké. Gbogbo èèyàn ló gbà pé oúnjẹ kì í tán nílé ìnáwó, ṣùgbọ́n tiwa ti tán láti alẹ́ Sátidé. Ìrẹsì tó kù nídìí kúlà ti kan, torí iná ò sí látìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ oníkánópì ti dé, wọ́n ń tú irin, ọ̀gá wọn ń ka àga, ó ní méjìlá ò pé. Ojú ń ta mí. Ẹsẹ̀ mi wú débi pé kò wọ bàtà. Mi ò rántí ìgbà tí mo jẹun kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé mo ju ẹran kan sẹ́nu ní Sátidé, ẹnì kan sì pè mí kí n tó jẹ ẹ́ tán. Nínú pálọ̀, ẹ̀bùn ga dé àyà. Àbúrò mi ọkùnrin ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ orúkọ ẹni tó mú un wá sínú ìwé: báfù, tíréè, ife, báfù, aṣọ orí tábìlì, abọ́, báfù. Ó gbójú sókè, ó bi mí bóyá a ní búrẹ́dì.

Kò tíì tó aago méje tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé. Ìyá Ìbejì ni, tí òun àti ìyá mi jọ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé, torí wọ́n mọ̀ pé irin kánópì á ti dí iwájú ilé. Ọmọbìnrin méjì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé kúlà ńlá kan, ẹ̀kọ mímu ló kún inú rẹ̀, ó ṣì gbóná. Àkàrà wà nínú abọ́ tí wọ́n fi bébà bò. Ṣúgà wà, mílíìkì wà. Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé wọ́n kó kọ́ọ̀bù àti ìgbakọ tiwọn dání, ká má baà fọ nǹkan kan. Wọn ò jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ bu ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n wá bu tèmi, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Mò ń sọ pé “Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé mà,” wọ́n ní, “Mu ún. Ìyá ẹ ló kọ́ mi. Ọjọ́ kejì tí a sọ àwọn ìbejì mi lórúkọ, ìyá ẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé báyìí.” Kí n tó gbórí sókè, àwọn ọmọbìnrin yẹn ti wà nídìí abọ́ tó dọ̀tí, wọ́n ń fọ̀ ọ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún ìyá mi. Látìgbà tí wọ́n ti kú, ètò ni mò ń ṣe, mi ò ráyè ẹkún.

Ìwé tí àbúrò mi kọ orúkọ sí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sí orúkọ Ìyá Ìbejì níbẹ̀, torí ẹ̀bùn wọn ò wọ pálọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà: ẹ̀kọ, àkàrà, abọ́ fífọ̀.

Látìgbà náà, tí ìwé ìpè bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọjọ́ kejì ìnáwó ni mo kọ́kọ́ máa ń rò. Ta ló máa sùn sílé wọn? Kí ló máa tán? Kí ni olóde máa wá kiri tí kò ní rí? Ìdáhùn kì í bára mu láti ilé kan sí èkejì. Ní ilé kan, omi ni. Ìnáwó wọn bọ́ sí oṣù Ẹrẹ́nà, kànga ti gbẹ, mo bá ọlọ́kọ̀ omi sọ̀rọ̀, ó já omi kún táǹkì wọn nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú. Ní ilé mìíràn, bẹntirólù ni. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti nǹkan bí 190 náírà sí iye tó lé ní 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé tí onílù bá ti ń palẹ̀ mọ́ báyìí, olóde á ti pa jẹnẹrétọ̀, àlejò á sì sùn nínú ooru. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kan lọ fún oníbàárà mi tó ń sọmọ lórúkọ, mo sì rí i dájú pé wọ́n gbé e jìnnà sí ibi tí alásè ń dáná. Kò sẹ́ni tó yà mí ní fọ́tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀ ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, torí ìyá rẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún rí fáànù sùn lóru ọjọ́ náà.

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé kò sí ẹ̀bùn tó dà bí owó, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìgbà tó ń dé ọwọ́ olóde ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí. Owó tí a ń lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí lójú agbo, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń dé ọwọ́ wọn. Ó ń já bọ́, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ tí wọ́n ní kó máa ṣà á ò sì lè wà níbi gbogbo. Òfin pàápàá kà á léèwọ̀. Abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń jó lórí rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ fún un. Àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lórí rẹ̀ lọ́dún 2024 ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ máa fowó sínú àpòòwé. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n tí àpòòwé bá dé lọ́jọ́ Sátidé, olóde ti jẹ gbèsè ná. Tó bá dé lọ́jọ́bọ̀, kò ní jẹ ẹ́ rárá.

Mo rí èyí lójú ara mi. Oníbàárà mi kan fẹ́ fi àkọ́bí rẹ̀ fọ́kọ. Lọ́jọ́bọ̀ tó wá gba aṣọ, ó ka owó iṣẹ́ mi sórí tábìlì. Igba náírà, igba náírà ló kù nígbà tó máa fi dé ìparí, wọ́n ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé, mo kọ “Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á dí i” sára rẹ̀, mo fi lé orí aṣọ tí mo ká. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi ṣí i wò. Ó padà wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní alásè ti sọ pé òun ò ní dáná lọ́jọ́ kejì bí owó ò bá pé, òun ò sì mọ ibi tí òun máa gbà. Láti orí bẹ́ǹṣì yẹn ló ti pe alásè. Ọwọ́ òfìfo ni mo gbé lọ síbi ìgbéyàwó náà, mo sì jó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Gbogbo ìgbà kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àlàájà kan ládùúgbò wa ṣe wàlímà fún ọmọ wọn, mo gbé oyin ìgò méjì, páálí málítì kan àti kéèkì lọ. Ọmọbìnrin wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, àtọ̀gbẹ ń ṣe Mọ́mì, ó ti tó ọdún márùn-ún.” Kò sọ ọ́ kó lè dùn mí; ó ń wá bó ṣe máa gbé e kúrò lójú ìyá rẹ̀ ni. Ojú tì mí gan-an. Ká ní mo ti pe ọmọ yẹn lórí fóònù ṣáájú ni, ǹ bá ti mọ̀. Ní báyìí, mo máa ń pe ọmọ ilé tàbí àbúrò olóde lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Mi ò kì í béèrè pé “Kí lẹ fẹ́?” torí ohun tí wọ́n máa sọ ni pé kí n má ṣe wàhálà, pé àdúrà mi ti tó. Mo máa ń béèrè pé àlejò mélòó ló ń sùn, ta ló ń ṣètò oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ni Mọ́mì tàbí Dádì kì í jẹ. Irú ìbéèrè báyìí, wọ́n máa ń dáhùn ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ìgbà kan tún wà tí mo ti sọ ìtàn Ìyá Ìbejì fún àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ aránṣọ, ó sì wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wa ṣe òkú bàbá rẹ̀. Kúlà ẹ̀kọ mẹ́ta ló pàdé lẹ́yìnkùlé kan náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sì sí àkàrà kan ṣoṣo. Látìgbà yẹn la ti ń pín in láàárín ara wa: ẹnì kan gbé ẹ̀kọ, ẹnì kan gbé mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà, àwọn méjì gbé ọwọ́ wọn nìkan wá. Àwọn tó gbé ọwọ́ wá yìí ni olóde máa ń rántí jù. Abọ́ àti ìkòkò ilé ìnáwó pọ̀, ọ̀rá ẹran á ti dì mọ́ ọn lára, àwọn ọmọ ilé á sì ti rẹ̀. Tí ẹ ò bá lówó tí ẹ lè fi ra nǹkan kan, ẹ lọ bá wọn fọ abọ́. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé ohun tí èèyàn máa tọ́jú síwájú kò dára. Ó dára tó bá jẹ́ pé ẹni náà ni a rò nígbà tí a rà á. Ìyá ọ̀rẹ́ mi pé àádọ́rin ọdún, èmi ni mo rán aṣọ wọn. Bí mo ṣe ń fi téèpù wọn èjìká wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn lábẹ́ òkè Mápó. Wọ́n ní aláró ni ìyá àwọn, pé ìkòkò aró tò sí ẹ̀yìnkùlé, pé ọwọ́ ìyá wọn dúdú kan ìgúnpá, òórùn aró sì máa ń tẹ̀ lé àwọn dé ilé ìwé. Mo gbọ́ ọ, mo sì pa á mọ́.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo wá lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 ló wà lára rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín òpó àti òpó. Láfún ni wọ́n ń fi se ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya á, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Èyí tó kún ọjà báyìí, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, òpó kìíní ò yàtọ̀ sí òpó ogún. Mo lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, mo rí aṣọ tó rẹwà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n mi ò rí èyí tí mò ń wá lọ́jọ́ tí mo lọ. Ìbàdàn níbí ni mo ti padà rí i, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó yọ ọ́ látinú àpótí. Mo yí i dà: ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aró gbúú, torí ojú kan ni wọ́n ń kọ ẹ̀kọ sí. Mo fi ìka tọ àwọn òpó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òpó kan sanra, èkejì tẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ni.

Mi ò gbé e lọ lọ́jọ́ ìnáwó. Lọ́jọ́ yẹn, olóde kì í lójú tó lè fi rí nǹkan kan. Mo dúró di ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ilé ti dákẹ́. Wọ́n tú u sórí itan wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n tún gbé e sí imú. Wọ́n ní, “Òórùn ẹ̀yìnkùlé wa nìyí.” Wọ́n wá pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n na ìka sí i: “Ẹ wá wò ó, òpó Mápó nìyí, ibí la ti máa ń ṣeré.” Bí wọ́n bá ti ń lọ síbi tó ṣe pàtàkì báyìí, òun ni wọ́n máa ń ró.

Lọ́dún 2024, àbúrò ìyá mi pé àádọ́rin. Mo fi àpòòwé ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ ìnáwó, mi ò gbé nǹkan kan lọ sóde ní Sátidé. Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́fà ààbọ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ báfù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, gèlè Sátidé ṣì wà lórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bu ẹ̀kọ fún wọn. Wọ́n mu kọ́ọ̀bù méjì láìsọ̀rọ̀, orí wọn wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, oorun gbé wọn lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ wọn jáde nínú omi, mo nù ún, mo fi ìró bò ó, mo sì lọ dá àwọn oníkánópì lóhùn kí wọ́n má baà pariwo.